Etí Ẹtu Onírin

Ẹ̀yin tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ rọra wọlé. Ẹ wá àyè jókòó lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ yìí, ẹ má ta gbòǹgbò rẹ̀ nípàá, àgbà ni òun náà. Ẹni tó gbé omi dání kó mu ún. Ẹni tí oorun ń kùn kó yáa máa lọ sílé ìyá rẹ̀, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò fẹ́ ẹni tí yóò máa fi imú fín iná nígbà tí ẹnu mi bá ń ṣiṣẹ́.

Ó pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí pé kí ló dé tí ọdẹ kì í fi í kí ọdẹ nínú ọgbà mi. Òótọ́ ni. Ọdẹ tó bá pàdé ọdẹ, "Àrìnpa o" là ń wí, pé bó ṣe ń rìn yìí, kó rí pa. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ń kíni, bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń kíni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dán an wò níbí, ìgbálẹ̀ ni mo fi ń dá a lóhùn. Ẹ rò pé ogbó ló ń ṣe mí. Ó ń ṣe mí lóòótọ́, ó sì dùn mọ́ mi, àmọ́ kì í ṣe òun ló ni ìgbálẹ̀.

Èmi ni Ọdẹ́fúnkẹ́ Àwẹ̀ró, ọmọ Ọdẹ́gbàmí ará Ìdí-Òro. Bàbá mi kò bí ọkùnrin. Nígbà tó wo iwájú tó wo ẹ̀yìn, ó gbé ìbọn lé mi léjìká, ó ní ìbọn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìró àti ṣòkòtò. Ilé-ìwé ńkọ́? Mo débẹ̀ o. Mo kọ́ A, mo kọ́ B, ìgalà kan gba ẹ̀yìn fèrèsé kọjá, mo fò tẹ̀ lé e, n kò sì tíì padà títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Àmọ́ tó bá di orin, ẹ má bá mi dán an wò. Kò sí ẹran kan nínú igbó tí n kò mọ oríkì rẹ̀, láti orí erin títí dé orí òkété. Nígbà tí mo bá ń sun ìjálá, ẹyẹ á gbàgbé ẹyin tó ń sàba lé. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ lọ bi àwọn ẹyẹ.

Ohun tó gbé mi rìn ni pé igbó wa dákẹ́. Àwa ọdẹ la pa á lẹ́nu mọ́. Bàbá pa, ọmọ pa, àlejò fi tọ́ọ̀ṣì pa, pàkúté kò sùn, títí ó fi di ọjọ́ kan tí mo rìn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ tí n kò rí ojú ẹsẹ̀ ẹran kan lórí ilẹ̀ rírọ̀. Níbi ìsìnkú ọdẹ àgbà kan ni ọ̀rọ̀ náà ti wá gún mi lọ́kàn. Mo ń sun ìjálá lọ, mo dé orí oríkì ẹtu, àwọn ọmọ kéékèèké sì ń wò mí bí ẹni ń wo ẹnu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò gbà wọlé. Ọ̀kan nínú wọn bi ìyá rẹ̀ pé ta ni ẹtu, ṣé ará àdúgbò wa ni. Mo gbé orin náà mì. Orin wà, ẹran ò sí, bí aṣọ tó wà lórí okùn tí ẹni tó sá a ti re ọ̀run. Mo ní dandan, n ó wá ẹtu kan wá sínú igbó Ìdí-Òro, ó kéré tán ọ̀kan ṣoṣo, kí orin mi lè rí ẹni tí yóò máa jẹ́ ẹ.

Bàbá mi ti sọ̀rọ̀ ìlú kan fún mi kó tó lọ. Ìrinjí ni wọ́n ń pe ìlú náà. Àwọn ará ibẹ̀ a máa kó pàkúté tó ti kán àti àgbá ìbọn tó ti bẹ́ jọ, wọ́n á fi ṣe ère ẹran, ère náà á sì dìde máa rìn. Wọn kì í tà á, wọn kì í sì í fi tọrẹ lásán. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan yóò bá wọn ṣe ọ̀wẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko, láti ìgbà tí iná bá ti ràn títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bí iṣẹ́ ọjọ́ náà bá yọrí, àlejò lè tọrọ ohun kan. Bí kò bá yọrí, kó máa bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe rìn dé ibẹ̀, n kò ní fi rẹ̀ yín. Mo la igbó kan já tí àwọn igi ibẹ̀ ń rìn lójú oorun. Bí mo bá fi ẹ̀yìn ti ọ̀kan ní àárọ̀, ìlú mìíràn ni mo ń bá ara mi lọ́sàn-án. Mo la Igbó Ìdípẹtà já, níbi tí òjò ń rọ̀ ní pupa bí epo, tó ń jẹ irin bí ọmọdé ṣe ń lá iyọ̀. Àdá mi yọ́ nínú àkọ̀, èèkù rẹ̀ nìkan ló kù. Ìbọn bàbá mi ni mo fi ìró wé, mo dì í mọ́ àyà, mo ń kọrin sí i létí bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún títí a fi jáde. Ọmọ tí mo bí pọ̀, kò sí èyí tó gbọ́ràn tó ìbọn yẹn.

Ní ẹnubodè Ìrinjí ni mo bá iwin kan tí orí rẹ̀ jẹ́ ìkòkò irin. Ìdérí ni fìlà rẹ̀. Bó bá fẹ́ ronú, á ṣí i, èéfín á rú jáde, á tún dé e padà. Ó ní n kò lè kọjá àfi bí mo bá dáhùn ohun tí òun fẹ́ bi mí.

Ó ní, "Iná bí i, omi wẹ̀ ẹ́, ìyà ló fi dàgbà, ẹni tó nà án náà ló sì ń sìn. Kí ni?"

Mo ní ìyàwó àbúrò bàbá mi ni. Ẹ̀rín pa iwin náà títí ìdérí fi jábọ́ lórí rẹ̀ tó ń yí lọ nílẹ̀, èmi ni mo bá a gbé e. Ó ní ó jọ ọ́ o, àmọ́ ìyàwó á máa kọ ọkọ nígbà tó bá yá. Mo wá ní ọkọ́ ni, ọkọ́ tí a fi ń ro oko. Ó ní kí n kọjá. Bí mo ṣe ń kọjá ló wá fa ìró mi, ó sọ fún mi pé òun rí ìbọn àyà mi, òun mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ó ní ní ìlú àwọn, "Àrọ̀yè o" làwọn fi ń kí ara àwọn, pé kí àrọ tí a fi ń dáná irin má ṣe kú. Kíkí tàwa ọdẹ yẹn, kí n tú u sílẹ̀ síta bí bàtà. Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Mo ní ta ni yóò máa kọ́ èmi àgbà bí wọ́n ṣe ń kíni. Iwin náà rọra dé ìdérí rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ wọn kò ní ògiri. Ọgbà ni wọ́n fi yí i ká, àgbá kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra wọn. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, gbogbo ọgbà náà á máa yí, á máa kọrin. Èéfín ibẹ̀ ń rùn bí òjò àkọ́rọ̀. Ẹ̀ta-iná tó bá ta láti ìdí àrọ kì í kú. Á fò lọ bà sórí irun èèyàn, á máa ṣẹ́jú. Oòrùn fúnra rẹ̀ ká gúlútú sórí òrùlé ibẹ̀ bí ológbò. Mo dúró, mo yanu, ẹ̀ta-iná kan wọnú ẹnu mi, ó dùn bí oyin.

Ọ̀gá ibẹ̀ ń jẹ́ Ògúndáhùnsi, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, wáyà ni irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹnì kejì rẹ̀ ni Ìyá Ẹlẹ́wìrì, obìnrin kan báyìí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yó bí ẹni fi iṣu méjì pamọ́ sẹ́nu. Òun ló ń fín ẹwìrì tó ń fẹ́ atẹ́gùn síná. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Àrọ̀yè o." Wọ́n ní, "Ògún á gbè ọ́." Mo rí i pé ẹnu mi mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Wọ́n ní kí n fi ìbọn kọ́ sí ara òpó, kó dorí kodò. Mo fi kọ́ ọ.

Ìyá Ẹlẹ́wìrì wá wo apá mi, ó bi mí pé ṣé apá rèé àbí ìtì ewúro. Mo ní kó gbé ẹwìrì wá. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá wo èmi Àwẹ̀ró. Mo di ọ̀pá ẹwìrì méjèèjì mú, mo ń tẹ ọ̀tún, mo ń tẹ òsì, iná àrọ sì ń dìde bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́wìrì lé orin, mo gbè é. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi gbè é, kò le:

Fín in, fín in, ẹwìrì,
Àrọ ò ní kú.
Irin tó sùn á jí,
Àrọ ò ní kú.
Èyí tó ṣẹ́ á tún so,
Àrọ ò ní kú.

Ẹ ṣé. Ohùn yín dára ju tàná lọ.

Ìgbà tí èéfín ṣí díẹ̀ ni mo tó rí àwọn ẹran náà. Wọ́n dúró káàkiri inú ọgbà, wọ́n ń jẹ ìyẹ̀fun irin tó dà sílẹ̀. Ẹfọ̀n wà níbẹ̀, pàkúté ńlá ńlá ni wọ́n fi ṣe igẹ̀ rẹ̀. Òòrẹ̀ wà níbẹ̀ tí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ìṣó. Ìgalà wà níbẹ̀, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere ni ìwo rẹ̀, aago kẹ̀kẹ́ sì tún wà lára ìwo náà tó ń dún bó bá ti mi orí. Ògúndáhùnsi rí i pé mo ń sunkún. Ó ní àwọn àgbà wí pé ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ó ní àwọn ẹran wọ̀nyí náà, ìgbà tí wọ́n tán nínú igbó la tó rí i pé wọ́n dára.

Èyí tó wà lórí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ni ẹtu kan. Ó kéré, ó lẹ́wà, ó ti lójú, ó ti lẹ́sẹ̀, ó ń rìn kiri lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀gá, àmọ́ orí rẹ̀ ń dán gbọlọjọ, kò sí etí níbẹ̀, àfi ihò méjì tí a ó kàn án sí. Ọ̀gá bu irin pẹlẹbẹ méjì fún mi, ó fún mi ní fáìlì, irin tí ara rẹ̀ rí ṣágiṣàgi bí ahọ́n ológbò, ó ní kí n máa yún wọn títí wọn yóò fi fẹ́lẹ́ bí ewé. Ó ní ẹni tuntun ní í ṣe etí ní ilé iṣẹ́ àwọn, nítorí ẹni tuntun nìkan ló ṣì ń fetí sílẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó jẹ́ pé etí ni wọ́n ń fi sí i gbẹ̀yìn.

Ó ní, "Bí a bá kọ́kọ́ fi etí sí i, yóò gbọ́ bí a ṣe ń lù ú. Ta ló máa fẹ́ràn ẹni tó gbọ́ tó ń lu òun?"

Mo jókòó, mo yún un. N kò mọ ohun tó ń ṣe mí. Ọwọ́ tó ti fa ẹṣin ìbọn láti kékeré, òun ló ń rọra fi ìka wo etí bóyá ó ti fẹ́lẹ́ tó. Ẹtu náà wá dúró tì mí, ó gbé àgbọ̀n lé mi lórúnkún. Irin ni, ó sì gbóná bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo fọkàn sọ fún un pé òun ni n ó tọrọ bí oòrùn bá wọ̀. Mo ti rí wa lójú ọ̀nà. Mo ti rí àwọn ọmọ Ìdí-Òro tí wọ́n sáré jáde wá wò ó. Inú mi dùn dé ibi tí ìdùnnú ti ń di ewu.

Àsìkò yẹn gan-an ni Ìyá Ẹlẹ́wìrì, tó ti jáde lọ mu omi, ń wọlé padà. Ó gbé ẹ̀mú gígùn tí wọ́n fi ń di irin gbígbóná mú lé èjìká, gẹ́lẹ́ bí ọdẹ ṣe ń gbé ìbọn bó bá ń ti oko ọdẹ bọ̀. Mo gbójú sókè, mo rí i, ẹ̀rín sì kún ẹnu mi. Ẹyin lohùn. Mo nahùn, mo fi gbogbo ayọ̀ mi kí i.

Mo ní, "Àrìnpa o!"

Ẹfọ̀n ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó yí padà, ilẹ̀ mì. Ìgalà fò, aago ìwo rẹ̀ ń ké. Òòrẹ̀ na ìṣó ẹ̀yìn rẹ̀ ró. Gbogbo wọn ya lu ọgbà, wọ́n já a, àgbá kẹ̀kẹ́ ń yí gbirigbiri tẹ̀ lé wọn wọgbó. Etí wọn ti gbọ́ ohun tí àwọn pàkúté inú ara wọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹtu mi kò gbọ́ nǹkan kan, kò ní ohun tí ó fẹ́ fi gbọ́. Ẹsẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló rí, òun náà sì bẹ́ tẹ̀ lé wọn. Kó tó di pé mo dìde, inú ọgbà ti ṣófo. Èmi nìkan ni mo jókòó, etí méjì lọ́wọ́ mi.

Ìyá Ẹlẹ́wìrì rọra sọ ẹ̀mú kalẹ̀.

Ó ní, "Ìyá ọdẹ, o pa gbogbo wọn láìyin ìbọn."

Ògúndáhùnsi kò bínú sí mi, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tú ọ̀rọ̀ náà fún mi bí ẹni ń tú ìdì. Iṣẹ́ wọn kì í le bí kò bá tíì gbọ́ orin àṣálẹ́ nídìí àrọ, wọn kì í sì í kọ ọ́ títí agbo yóò fi pé. Èyí tó bá ti gbọ́ ọ, òjò kò lè rí i gbé ṣe mọ́ títí ayé. Àmọ́ èyí tí oòrùn bá wọ̀ bá níta, Igbó Ìdípẹtà ló ni ín. Kí ilẹ̀ tó mọ́, erùpẹ̀ pupa ni. Mo wo oòrùn. Ó ti dìde lórí òrùlé, ó ń na ara, ó fẹ́ máa lọ.

Nígbà yẹn ni mo rántí iṣẹ́ mi. Mo gun orí òkìtì irin àlòkù, mo fi ọwọ́ bo etí kan, mo sì gbé ìjálá. Ẹ fetí sí i:

Ẹfọ̀n, a-gbé-òkè-rìn-bí-ẹni-gbé-agbọ̀n,
Ọkọ olóògùn tó sá gungi,
O wo ọdẹ lójú, ọdẹ gbàgbé orúkọ ìyá rẹ̀.

Igbó mì. Ẹfọ̀n yọ orí. Ó wá bíi pé ó ń lálàá, ó wọlé, ó dúró. Kò sẹ́ni tó tíì kì í rí láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Mo bọ́ sórí òòrẹ̀:

Òòrẹ̀, arù-ọfà-má-jagun,
Ẹni tó bá ní kó wá gbá ọ mọ́ra,
Kó wí tẹnu rẹ̀ kó tó dìde nílé.

Òòrẹ̀ wọlé, gbogbo ìṣó rẹ̀ ti balẹ̀. Mo ki ìgalà ní arẹwà inú ìrì, a-fi-ẹfun-tọ́-ara-bí-ìyàwó, ó ń bọ̀, aago ń dún, ìbàdí rẹ̀ ń jó. Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì ni gbogbo wọn ń wọlé. Ìyá Ẹlẹ́wìrì gbàgbé pé ó ń bínú, ó ń pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n yin ara mi díẹ̀, ẹni tí ìbá yìn mí ti kú: ta ló tún lè fi ẹnu lásán kó agbo irin wọlé?

Mo wá ki ẹtu. Mo kì í, mo kì í, ohùn mi fẹ́ ya. Kò sí ẹtu. Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ẹ sọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n ajá yẹn létí o. Etí ẹtu tèmi yìí, àtẹ́lẹwọ́ mi ló wà. Gbogbo orin tí mo mọ̀ láyé kò wúlò fún ẹyọ kan tí mo torí rẹ̀ wá.

Mo mú òòlù kékeré, mo mú etí méjèèjì, mo sáré wọgbó. Ọ̀gá ké sí mi pé wọn ò ní dá ẹwìrì dúró. Ìbọn mi ń bẹ lára òpó, n kò tilẹ̀ bojú wò ó.

Mo tọpa rẹ̀. Ẹsẹ̀ irin kéékèèké lórí ilẹ̀ rírọ̀, ẹ má bi mí bí ó ṣe dùn tó láti tún tọpa ẹran. Mo bá a létí omi kan, ó ń wo òjìji ara rẹ̀. Ìkùukùu pupa ti ń ṣẹ̀ lókè igbó náà, ìdípẹtà sì ti ń pọ́n ọ́n láti pátákò bọ̀ wá sí orúnkún. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níbí, ẹ mọ ohun tí mo ń wí: ẹran tó kọ ẹ̀yìn sí ọ, tí kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ, tí kò sì gbọ́ èémí rẹ. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń tọrọ irú ẹran bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi lọ sí èjìká, ó fẹ́ mú ohun tí kò sí níbẹ̀. Mo wo ọwọ́ náà, mo fi í rẹ́rìn-ín, mo sì dà á padà sídìí iṣẹ́.

Mo gbá ẹtu náà mọ́ra. Ó jà, ó sì mọ òórùn ẹni tí òun gbé àgbọ̀n lé lórúnkún, ó dákẹ́. Mo fi etí sí ojú ihò rẹ̀, ó bá a mu. Mo wá ìṣó tí n ó fi kàn án. N kò mú ìṣó. Mo tú àpò ọdẹ mi dànù sílẹ̀: àgbàdo yíyan, okùn, àti ọta ìbọn méjì tó gbẹ̀yìn, èyí tí mo ti fi pamọ́ fún ẹran tí n ó bá tún fojú kàn. Mo ní ó dáa, mo ti fojú kàn án. Mo ki ọta kan sí ìdí etí ọ̀tún, mo ki ọ̀kan sí ti òsì. Bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Mo lù wọ́n títí wọ́n fi tẹ́ bí ìdérí, títí wọ́n fi mú.

Òòlù dákẹ́. Etí mì. Mo mọ̀ pé ohun tí n ó bá kọ́kọ́ wí ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ láyé. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu ná, kí ohun tó wà níbẹ̀ láti kékeré má baà tún fò jáde. Ìgbà tó yá ni mo wá sọ ọ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́:

Ẹtu, a-rìn-bí-ẹni-tẹ-ẹyin,
Kékeré abẹ́ ewé,
Omi ló kún ojú rẹ, kì í ṣe ẹkún,
Ìrì ló sùn síbẹ̀.

Ó yí etí kan sí mi. Ó yí èkejì sí igbó. Ó gbọ́ orin náà tán, mo sì rí i pé ó gbọ́ ọ. Ó wá gbọ́ èémí mi, èémí ọdẹ, ó sì fò lọ́wọ́ mi, ó sá.

Mo jókòó sínú ẹrẹ̀. Kí ẹ má bi mí bóyá mo sunkún, ẹ̀rín ni mo ń rín. Etí tí mo ṣe ń ṣiṣẹ́! Ẹran tí kò bá sá fún ọdẹ, kí la fi ṣe é? Mo gbé ojú sókè láti wo ọ̀nà tó gbà. Kò gba inú igbó lọ. Ó dúró díẹ̀, ó na etí méjèèjì, àní láti òkèèrè ni ohùn Ìyá Ẹlẹ́wìrì ti ń bọ̀, fín in, fín in, ẹwìrì, àrọ ò ní kú. Ó kọrí sí ọ̀nà orin náà. Mo dìde, mo tẹ̀ lé e, òjò pupa ń lé èmi náà lẹ́yìn, mo ń pariwo ègbè orin bí ẹni tó mu ẹmu.

Ìka ẹsẹ̀ oòrùn nìkan ló kù lókè nígbà tí mo wọ inú ọgbà. Ẹtu mi ti wà nídìí àrọ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Pupa ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣí kúrò bí iná ṣe ń kàn án. A kọ orin àṣálẹ́, kò sí èyí tí kò gbọ́ ọ.

Ògúndáhùnsi wá ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́. Mo nàka sí ẹtu. Ó mi orí, wáyà irùngbọ̀n rẹ̀ ń dún. Ó ní bó bá ṣe àárọ̀ ni, òun lè fún mi.

Ó ní, "Ẹni tó ti létí, a kì í fi í tọrẹ mọ́. Òun ni kí o bi."

Mo kúnlẹ̀ níwájú ẹran. Èmi ọmọ Ọdẹ́gbàmí, mo kúnlẹ̀. Mo sọ fún un pé igbó kan ń bẹ ní Ìdí-Òro, ó dákẹ́. Mo ní orin rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, kò rí ẹni jẹ́ ẹ. Mo ní n kò ní ọta mọ́, ara rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ó ń jẹ ìyẹ̀fun irin rẹ̀ lọ. Mo sùn, mo ti gbà pé ọwọ́ òfo ni n ó gbé relé.

Àárọ̀ ni mo dágbére fún wọn. Mo fi ìbọn bàbá mi sílẹ̀ lára òpó. Ẹni tó ti ibẹ̀ bọ̀ sọ fún mi pé ó ti di ọrùn ẹyẹ àkọ̀ báyìí, ó ń na ara lórí odò. Ìyá Ẹlẹ́wìrì dì mọ́ mi, ó ní kí n má gbàgbé láti máa di ẹnu mi ní ìjánu. Mo jáde síta. Ẹtu náà ti wà lójú ọ̀nà níwájú, ó na etí sẹ́yìn, ó ń dúró dè mí.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó kù. Ẹ ti gbọ́ irin tó ń dún kẹ̀ǹ, kẹ̀ǹ, lẹ́yìn ilé mi lówùúrọ̀, ẹ ní èmi ni mo ń lu ìkòkò. Àwọn ọmọ ti rí i, wọn kò sì bi ìyá wọn mọ́ pé ta ni ẹtu. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni èyí tí mo rí lánàá, òun ni mo sì torí rẹ̀ pè yín. Mo lọ sí etí odò. Mo rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ẹrẹ̀, ó jìn, ó wúwo, bí ẹsẹ̀ irin ti í rí. Ojú ẹsẹ̀ mìíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kéré. Ó fúyẹ́, débi pé koríko tó tẹ̀ ti ń dìde padà. Ẹtu ẹlẹ́ran ara ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ibi tí ó ti wá n kò mọ̀, àmọ́ ó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kejì rẹ̀, ó sì wá.

Bí irọ́ ẹyọ kan bá wà nínú ohun tí mo sọ, kí irin má dún lẹ́yìn ilé mi lọ́la, kí ẹ wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ máa lọ ire. Bí ẹ bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kí mi ní "Àrọ̀yè o," kí ẹ sì rọra wí i. Etí tó gbọ́ àlọ yóò gbọ́ àbọ̀, etí méjì kan sì ń bẹ lẹ́yìn ọgbà yìí tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn.